Ibi Tí Ọwọ́ Mi Mọ

Bélífì kì í tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tán tí ẹni tó gbàwé kóòtù á ti máa pariwo pé, "Èmi kọ́! Ẹ lọ bá lágbájá!" Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wí. Ọmọdé tó fọ́ àwo mọ̀ ọ́n wí, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó jẹ owó oṣù òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n wí. Àmọ́ kéèyàn kọ ọ́ sílẹ̀, kó wọ inú fọ́ọ̀mù, kí adájọ́ kà á kó sì tún un kà, iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ṣe kò pọ̀. Mo mọ ẹnì kan.

Agbẹjọ́rò ni. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò rẹ̀ l'Ékòó sì ń pè é ní Màmá Lọ́yà. Kì í lọ sí kóòtù gíga mọ́. Ó ní orúnkún òun ti kọ àtẹ̀gùn. Ohun tó ń ṣe báyìí ni pé mẹkáníìkì, télọ̀, kápẹ́ńtà àti àwọn tó ń báni wá ilé á gbé ìwé kóòtù wọn wá bá a, yóò sì bá wọn kọ èsì rẹ̀. Tábìlì kan, fáànù kan, kọ̀ǹpútà ògbólógbòó kan, àti akọ̀wé ọmọdébìnrin tó ń yára tẹ ọ̀rọ̀ ju bí ọ̀gá rẹ̀ ti ń sọ ọ́ lọ. Ibẹ̀ ni mo ti jókòó wò ó.

Kóòtù tí ìwé wọ̀nyí ti ń wá ni Small Claims Court, èyí tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2018 lábẹ́ kóòtù Májísíréètì. Ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, kó sì jẹ́ owó tó ní iye pàtó: owó tí a yá èèyàn, owó ọjà, owó iṣẹ́. Bí ọkàn rẹ bá bàjẹ́ tó o fẹ́ kí wọ́n fi owó tù ọ́ nínú, gba ibòmíì lọ. Ẹni tó fẹ́ pejọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lẹ́tà béèrè owó rẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù SCA 1. Bí onígbèsè bá kọ etí ikún, ìwé ìpẹ̀jọ́ á tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, ọjọ́ 7 lo ní láti fèsì lórí fọ́ọ̀mù SCA 5. Bí o kò bá fèsì, adájọ́ lè kà á sí pé o ti gbà pé o jẹ owó. Láti ọjọ́ tí wọ́n pejọ́ dé ọjọ́ ìdájọ́, wọn ò fẹ́ kó ju ọjọ́ 60 lọ. Kò pọn dandan kéèyàn gba lọ́yà, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ ìkọkúkọ sínú fọ́ọ̀mù náà.

Èyí tí mo fẹ́ sọ, mo ti yí iye owó rẹ̀ àti nǹkan mélòó kan padà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá àwọn tó ni ín mọ̀.

Mẹkáníìkì kan ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ oníbàárà rẹ̀ nọ́ọ̀kì, àwọn méjèèjì sì jọ lọ sí ọjà Ládípò ní Múṣín láti ra tòkunbọ̀ ẹ́ńjìnì. Wọ́n rà á ní 750,000 náírà. Mẹkáníìkì so ó mọ́ ọkọ̀, ó gba 80,000 fún iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ́ńjìnì tún kú. Wọ́n padà sí Ládípò, ọlọ́jà ní ọjọ́ mẹ́ta tí òun fún wọn láti fi dán an wò ti kọjá, òun ò mọ nǹkan kan mọ́. Oníbàárà wá pe mẹkáníìkì lẹ́jọ́ fún 830,000. Kò pe ọlọ́jà. Mẹkáníìkì ló mọ ilé rẹ̀, mẹkáníìkì ló ní nọ́ńbà rẹ̀, mẹkáníìkì náà ló mú.

Ọkùnrin yìí kò wá lọ́wọ́ òfo. Ọmọ àna rẹ̀ tó ń lọ sí yunifásítì ti bá a tẹ èsì: ojú ìwé méjì gbáko, lẹ́tà ńláńlá ló kún inú rẹ̀. Ó ní òpùrọ́ ni olùpẹ̀jọ́. Ó ní gbájúẹ̀ ni ọlọ́jà, Ọlọ́run á sì dá ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní olùpẹ̀jọ́ máa ń wakọ̀ bí ẹni tí ayé ń lé, pé bóyá kò tilẹ̀ yẹ ọ́ìlì wò rí. Ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì láti kékeré, pé bàbá òun ti lọ sí Mẹ́kà. Nínú gbogbo ojú ìwé méjì yẹn, kò sí déètì kan ṣoṣo, kò sì sí iye owó kankan yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ní kó san.

Màmá Lọ́yà ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ èmi ti ń di ẹnu mú. Ó wá mú bírò, ó fà á sábẹ́ gbólóhùn kan péré, tó wà ní àárín ojú ìwé kejì bí ẹni tó ṣìnà débẹ̀: "Mo kàn mú un lọ ni."

"Ọ̀rọ̀ nìyí," ó ní. "Ìyókù, ariwo ọjà."

"Òun ni" méjì ló wà ní kóòtù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rì. Èkíní: èmi kọ́ ni mo bá ọ ná ọjà, lágbájá ni, owó rẹ kò sì sí lọ́wọ́ mi. Èkejì: èmi ni mo bá ọ ná an lóòótọ́, ṣùgbọ́n lágbájá ló já mi kulẹ̀. Èkíní lè gba èèyàn sílẹ̀. Èkejì, bó ti wù kó jẹ́ òótọ́ tó, wàá kọ́kọ́ san owó olówó ná, kó o tó lọ wọ́ lágbájá tìrẹ lọ sí kóòtù. Kóńtírátọ̀ tó ní bíríkìlà òun ló sá lọ, télọ̀ tó ní iná ìjọba ni kò jẹ́ kí òun parí aṣọ ìyàwó, ẹni tó ta ìrẹsì tó ní bí wọ́n ṣe gbé e wá fún òun náà nìyẹn, inú èkejì ni gbogbo wọn wà. Ìyàwó kò bá iná ìjọba dá àdéhùn.

Kì í ṣe àwọn májísíréètì ló dá irú ìpín yìí sílẹ̀. Ní 1985, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dá ẹjọ́ obìnrin kan tó ra fíríìjì oníkẹrosíìnì, tí fíríìjì náà gbiná tó sì jó o. Ẹni tó tà á fún un ni ẹ̀bi dá lé. Òfin ọjà títà wa, tí a jogún látinú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893, ní ẹni tó bá ta ọjà fún iṣẹ́ kan, tí oníbàárà sì gbára lé ìmọ̀ rẹ̀, gbọ́dọ̀ ta èyí tó lè ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó ra nǹkan kò ní láti máa wá ẹni tó rọ ọ́ kiri. Ṣùgbọ́n aṣojú tún ní òfin tirẹ̀: ẹni tó bá ń ṣojú ẹlòmíì, tí oníkálukú sì mọ ẹni tó ń ṣojú fún, gbèsè ọjà náà kì í sábà jẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, bí mẹkáníìkì yìí bá ra ẹ́ńjìnì tó sì tún un tà fún oníbàárà rẹ̀, òun ni ọlọ́jà, ó ti bọ́ sínú wàhálà. Bó bá kàn mú un lọ ni, ó ṣeé ṣe kó bọ́. Gbólóhùn tí Màmá fàlà sábẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà rọ̀ mọ́.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò báyẹn láìgbóhùn sókè.

"Àkáǹtì ta ni owó ẹ́ńjìnì wọ̀?"

"Ti ọlọ́jà ni, Mà. Oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ṣe tírańsífà."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"750,000 ni? Fi àlẹ́ẹ̀tì hàn mí."

Ó dákẹ́. Ó fọwọ́ họ orí. "700,000 ló wà níbẹ̀, Mà. 50,000 tó kù, káṣì ni. Ó kó o fún mi, mo kó o fún ọlọ́jà."

"Rìsíìtì ńkọ́?"

Rìsíìtì wà, ó ti rún. Orúkọ oníbàárà ló wà lórí rẹ̀, 750,000 ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n sì ti tẹ ọ̀rọ̀ tó máa ń wà nísàlẹ̀ rìsíìtì wa yẹn sí i, pé ọjà tí a bá ti tà a kì í gbà á padà. Màmá fọwọ́ tẹ́ ẹ lórí tábìlì títí ó fi nà. Ó wá béèrè èyí tí mi ò ronú kàn rárá.

"Èló ni ọlọ́jà fún ọ nígbà tí oníbàárà lọ tán?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Mà, gbogbo mẹkáníìkì ló ń gbà á."

"Mi ò bi ọ́ ní gbogbo mẹkáníìkì."

"20,000, Mà."

"A máa kọ ọ́ sí i."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Ó bẹ̀ ẹ́, ó ní ta ni yóò mọ̀, ó ní ìyẹn á sọ òun di olè lójú adájọ́. Màmá jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ó wá ní, "Ẹni tó o fẹ́ nawọ́ sí yìí, ṣé odi ni? Bí wọ́n bá pè é wá, ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ ni pé, 'Olúwa mi, èmi àti ẹ̀ jọ pín in ni.' Ṣé ẹnu rẹ̀ lo fẹ́ kí adájọ́ ti gbọ́ ọ, àbí ẹnu rẹ?"

Ibi tí mo ti mọ̀ pé ọ̀gá ni obìnrin yìí nìyẹn. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á rò pé ẹni tí òun ti ẹ̀bi sí lọ́rùn á dúró sójú kan bí igi. Màmá ti ń gbọ́ ohùn ẹni kẹta kó tó di pé wọ́n pè é. Gbogbo ìpínrọ̀ tó kọ lọ́jọ́ náà, ó kọ ọ́ bí ẹni pé ọlọ́jà Ládípò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń na ọrùn wo ìwé.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, nítorí èdè kóòtù nìyẹn, ṣùgbọ́n bó ti tò lọ nìyí. Ìjẹ́wọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìpínrọ̀ kìíní ní olùjẹ́jọ́ gbà pé òun gba 80,000 náírà láti yọ ẹ́ńjìnì àtijọ́ kí òun sì so òmíràn. Ìkejì ní ó ṣe iṣẹ́ náà, olùpẹ̀jọ́ sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ báyìí. Ìkẹta ní olùpẹ̀jọ́ san 700,000 tààrà sínú àkáǹtì ọlọ́jà. Ìkẹrin ní 50,000 gba ọwọ́ olùjẹ́jọ́ kọjá, rìsíìtì tó wà ní orúkọ olùpẹ̀jọ́ sì fi hàn pé ó dé ibi tó ń lọ. Ìkarùn-ún ní ọlọ́jà fún olùjẹ́jọ́ ní 20,000 lẹ́yìn náà, olùjẹ́jọ́ kò sọ fún olùpẹ̀jọ́, ó sì ti ṣe tán láti dá a padà fún un. Nígbà tí adájọ́ bá fi máa dé ìpínrọ̀ kẹfà, níbi tí wọ́n ti sọ pé olùjẹ́jọ́ kọ́ ló ta ẹ́ńjìnì, ó ti gbọ́ òótọ́ márùn-ún, ọ̀kan nínú wọn sì ta ẹni tó sọ ọ́ lára. Ó máa nira fún un láti rò pé ìkẹfà ni irọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe inú rẹ̀. Gbà, ṣe, san, kọjá, fún. Kò sí "hùwà ọ̀dàlẹ̀", kò sí "fi ọgbọ́n àrékérekè". Akọ̀wé rẹ̀ tẹ "olùpẹ̀jọ́ mọ̀ dáadáa pé", Màmá ní kó pa á rẹ́. "Báwo la ṣe mọ ohun tó mọ̀? Kọ déètì tó fowó ránṣẹ́. Ẹni tó fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì èèyàn ti mọ orúkọ onítọ̀hún." Déètì àti orúkọ inú àlẹ́ẹ̀tì gba ipò gbólóhùn mẹ́rin.

Orúkọ ọlọ́jà ni ìpínrọ̀ keje fi bẹ̀rẹ̀: orúkọ rẹ̀ bó ti wà lórí rìsíìtì, orúkọ rẹ̀ bó ti wà ní báńkì, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù, ìlà tí ṣọ́ọ̀bù náà wà, nọ́ńbà fóònù. Màmá ní ọ̀pọ̀ èsì tí òun ń rí, "ọlọ́jà kan ní Ládípò" ni wọ́n ń kọ, bí ẹni tó ń pa àlọ́. Ẹni tí bélífì kò lè rí kò lè ru ẹ̀bi. Lẹ́yìn èyí ló bẹ kóòtù pé kí wọ́n fi ọlọ́jà náà kún àwọn olùjẹ́jọ́. Kò ní kí wọ́n lé ẹjọ́ dànù. Kò tilẹ̀ sọ pé ọlọ́jà jẹ̀bi. Ó kàn ní a kò lè yanjú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì yìí tán lẹ́yìn ẹni tó tà á. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kò kọ òwe náà sí i, ṣùgbọ́n kò sí adájọ́ Yorùbá tí kò ní gbọ́ ọ nínú rẹ̀.

Ti ọ́ìlì wá dá ìjà sílẹ̀. Mẹkáníìkì fẹ́ kó wọ inú ìwé dandan, pé oníbàárà ni kò bu ọ́ìlì sí i.

"Ṣé o rí ọ́ìlì náà?"

"Mi ò rí i, Mà. Àmọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n..."

"Jẹ́ kó lọ."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí ọkùnrin náà jáde lọ gba ìpè. Bí a bá ní ẹ́ńjìnì náà ti bàjẹ́ kí wọ́n tó tà á, tí a tún ní oníbàárà ló bà á jẹ́, a ti fi ọ̀kan pa èkejì. Ẹni tó ń ti ẹ̀bi sí ọ̀tún tó tún ń tì í sí òsì, adájọ́ á rí i pé ẹnikẹ́ni tó bá sáà ti yàtọ̀ sí òun ló ń wá. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sì ní ẹni tó bá sọ pé nǹkan rí báyìí ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì kò ní ìdí kankan. Ó bọ́ sílẹ̀.

Ìwé tó so mọ́ ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù ni mo wò pẹ́ jù. Àlẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, rìsíìtì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ orí WhatsApp wà níbẹ̀, èyí tí oníbàárà ti kọ ọ́ sí mẹkáníìkì pé òun ti bá "ọkùnrin yẹn" sọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fẹnu kò sí iye kan. Ìdajì ojú ìwé kan tẹ̀ lé e, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí: ìwé ẹ̀rí lábẹ́ apá 84 Òfin Ẹ̀rí, tó sọ fóònù tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà jáde, ẹ̀rọ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, àti pé ara àwọn méjèèjì le lákòókò náà. Láìsí ìdajì ojú ìwé yẹn, agbẹjọ́rò tó bá mọṣẹ́ lè ní kí adájọ́ má wò ó rárá.

Ní ìkẹyìn pátápátá ni fọ́tò ẹ́ńjìnì wà. Àwọn ọlọ́jà tòkunbọ̀ máa ń fi ọ̀dà sàmì sí ọjà wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé ti ẹlòmíì padà wá fún wọn. Àmì ọkùnrin yìí hàn gbangba nínú fọ́tò, lẹ́tà méjì pẹ̀lú ọ̀dà funfun, ẹ́ńjìnì náà sì ti wà nínú ọkọ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, iwájú ni ǹ bá gbé e sí, kí n tún fi bírò pupa yí i ká. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá. Ó ní, "Ṣé ó ti sẹ́? Kò tíì sẹ́. Má dá a lóhùn ohun tí kò tíì sọ. Jẹ́ kó sẹ́ ná, kí adájọ́ wá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ibẹ̀." Mo ṣì ń rò ó pé iwájú ló yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n ń pè ní ọ̀gbẹ̀rì.

Ọjọ́ tí gbogbo wọn pé ní kóòtù, ọlọ́jà náà wá, inú ń bí i, ó gbé lọ́yà ọ̀dọ́ kan dání. Ó ní òun ò mọ oníbàárà yìí rí, mẹkáníìkì lòun mọ̀. Adájọ́ wo rìsíìtì. Lọ́yà ọ̀dọ́ náà dìde, ó fi ìbínú ní olùjẹ́jọ́ kìíní gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọlọ́jà tí òun ń ṣojú fún, òun sì máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Adájọ́ ní, "Ó wà ní ìpínrọ̀ karùn-ún." Lọ́yà náà ṣí ìwé rẹ̀, ó kà á, ó jókòó. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí ní kóòtù, mi ò rí ibi tí ìjẹ́wọ́ ti ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ọlọ́jà ní bóyá ẹ́ńjìnì mìíràn ni wọ́n gbé síbẹ̀. Adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé lọ sẹ́yìn.

Wọ́n fún wọn láyè kí wọ́n lọ sọ ọ́ láàárín ara wọn. Ibi tí wọ́n fi àbọ̀ sí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni tán. Ọlọ́jà á dá 600,000 padà ní ẹ̀ẹ̀mejì, á sì gba ẹ́ńjìnì rẹ̀. Mẹkáníìkì á dá 20,000 rẹ̀ padà, á sì so ẹ́ńjìnì tí wọ́n bá tún rà láìgba kọ́bọ̀. Oníbàárà ń kùn, ó ní 130,000 òun ti wọgbó lórí ẹ́ńjìnì nìkan. Òótọ́ sì ni. Adájọ́ sọ àdéhùn náà di ìdájọ́, ó pe ẹjọ́ tó kàn.

Ìta gbangba kóòtù ni wọ́n tó rántí pé ẹ́ńjìnì tó kú ṣì wà nínú ọkọ̀, àti pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kí ọlọ́jà tó lè gbé e lọ. Ọlọ́jà ní òun kọ́ ni mẹkáníìkì. Oníbàárà ní òun ti sanwó ìsopọ̀, òun ò ní sanwó ìyọkúrò. Mẹkáníìkì ní síso lòun gbà láti ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó bá òun sọ ti yíyọ. Gbogbo wọn yíjú sí Màmá Lọ́yà. Ó ti jókòó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó ń wá ṣéńjì nínú báàgì rẹ̀.